Ojú Salome Nínú Sìmẹ́ǹtì

Inú rírun ló bẹ̀rẹ̀ bí eré. Salome, ìyàwó Tíṣà Zachariah Òkè, ní òun fẹ́ dùbúlẹ̀ díẹ̀ kí òun tó dáná, kò sì dá iná náà mọ́. Wọ́n fún un lágbo, wọ́n fún un ní oògùn òyìnbó, wọ́n wá ọkọ̀ káàkiri Igbó-Ọrà tí yóò gbé e dé ọsibítù, ṣùgbọ́n kí lọ́rì kan tó gbà láti yí orí padà fún wọn, obìnrin náà ti dákẹ́. Ọdún kejì tí ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀ ni. Ẹ̀ẹ̀rùn ti mú kí ilẹ̀ gan débi pé ńṣe ni àwọn tó gbẹ́ ibojì rẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé ń gba ọkọ́ lọ́wọ́ ara wọn. Ọmọ kan ṣoṣo ló fi sílẹ̀, Ọmọ́ṣọlá, ọmọbìnrin tí eyín ọmọdé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ká lẹ́nu rẹ̀.

Zachariah kò sunkún lójú àwùjọ. Ó padà sẹ́nu iṣẹ́, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò àti ìwé kíkà. Bó bá di Sátidé, a mú Ọmọ́ṣọlá lọ sọ́dọ̀ Hàlímọ̀, ìyá àgbà tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwọn, kó bá a dirun. Àwọn èèyàn ń sọ pé Tíṣà ṣe ọkàn akin. Wọn ò mọ̀ pé ẹni tí omi ń gbé lọ kì í pariwo, omi ti kún un lẹ́nu.

Nígbà tí ọdún yípo, Zachariah bá ìpàdé àwọn tíṣà lọ sí Èrúwà. Bó ti ń rìn bọ̀ láti ibùdókọ̀, ó rí obìnrin kan níwájú ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì tuntun kan, ó kúnlẹ̀ ti ọlọ, ó ń lọ ata. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kí i kú iṣẹ́ kó tó mọ̀ pé sìmẹ́ǹtì ni. Èyí tó wá yà á lẹ́nu jù ni ìró ìdí ère náà. Kì í ṣe ọ̀dà ni wọ́n fi kùn ún. Àfọ́kù àwo tánganran ni wọ́n tò mọ́ ọn, wẹ́wẹ́ wẹ́wẹ́, àwọ̀ aró àti funfun, tí òdòdó ara àwo kan ń wọ inú òdòdó ara èkejì, àfi bí aṣọ tí atẹ́gùn ń fẹ́.

"Ta ló ṣe èyí?" ó bi baba onílé.

"Àkíbù bíríkìlà ni. Ará Igbó-Ọrà yín náà ni, ní Ìdófin. Ẹ ò mọ̀ ọ́n ni?"

Zachariah kò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n kí lọ́rì tó gbé e padà dé ilé, ó ti pinnu. Àwọn àna rẹ̀ ti ń sọ fún un tipẹ́ pé kó rẹ́ ibojì Salome, kí òjò má sọ ọ́ di kòtò. Kò ní rẹ́ ẹ lásán. Salome fúnra rẹ̀ ni yóò jókòó síbẹ̀.

Ọkùnrin gíga, tínínrín, ni Àkíbù, sìmẹ́ǹtì ti jẹ èékánná rẹ̀ dé ìdí. Àwọn bíríkìlà ẹgbẹ́ rẹ̀ a máa fi í ṣe ẹlẹ́yà pé ó ń ṣa ààtàn bí adìyẹ. Òótọ́ ni. Kò sí ààtàn tí kì í yà sí nítorí àfọ́kù àwo, bí àwo bá sì fọ́ nílé kan ní Ìdófin, àwọn ọmọdé ló ń sáré gbé e wá fún un. Òun nìkan ló wá a rí pé bí a bá rẹ àfọ́kù náà sómi kí á tó tẹ̀ ẹ́ mọ́ sìmẹ́ǹtì, kò ní re mọ́ láéláé. Kò sì fi í pamọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá bi í, a jókòó, a fi hàn án. Àáfà àdúgbò rẹ̀ kò fẹ́ràn ère. Àkíbù a ní, "Àáfà, mi ò kúkú mí èémí sí i."

Zachariah sọ ohun tó gbé e wá fún un. Àkíbù fara balẹ̀ gbọ́.

"Mo fẹ́ kó jọ ọ́ gan-an ni, Bàbá Rùkáyàt," Zachariah sọ, ó fi orúkọ ọmọ Àkíbù pè é.

"Kò le, Tíṣà. Ẹ ṣáà mú fótò wọn wá."

Fótò ni kò sí. Èyí tí wọ́n yà lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ọdún tí ìjì ṣí òrùlé wọn ni omi wọ inú gíláàsì rẹ̀. Aṣọ funfun ìyàwó ṣì wà níbẹ̀, ọwọ́ tó di òdòdó mú wà níbẹ̀, Zachariah tìkára rẹ̀ dúró gbọnyin nínú kóòtù, ṣùgbọ́n ibi tó yẹ kí ojú Salome wà ti di àbàwọ́n bí ilẹ̀ máàpù. Ọ̀kan tún wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, èyí tí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin jọ yà. Ọwọ́ ẹ̀yìn ni Salome dúró sí. Gèlè obìnrin kan tó wà níwájú ga, ó bo Salome láti ojú dé àgbọ̀n. Iwájú orí àti ìpéǹpéjú òsì ló kù.

"Kò burú," ni Àkíbù wí. "Ẹ ṣàpèjúwe wọn fún mi. Báwo ni ojú wọn ṣe rí?"

Zachariah la ẹnu. "Ó dúdú," ó ní. "Kò kúkú dúdú jù."

"Imú wọn ńkọ́? Ó gún ni, àbí ó fẹ̀ nídìí?"

Zachariah ronú. Òun àti imú yìí ti sùn lórí ẹní kan fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí Salome bá wúkọ́ láàárín ìjọ, ó mọ̀ pé òun ni. Ó mọ ẹsẹ̀ tó máa ń kọ́kọ́ gbé bó bá fẹ́ wọlé. Ó mọ bó ṣe ń tú gèlè, bó ṣe ń fi àtẹ́lẹwọ́ nu àwo kó tó bu oúnjẹ sí i. Ṣùgbọ́n imú yìí, ó wá a, kò rí i. Òógùn bò ó níwájú ọkùnrin tí kò mọ̀ rí.

"Imú tó dára ni," ó sọ nígbẹ̀yìn.

Àkíbù wò ó, ó rẹ ojú sílẹ̀. "Ẹ máa lọ ná, Tíṣà. Ẹ máa rò ó. Màá bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀."

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ yìí ti di àìsàn sí Zachariah lára. Kó tó lọ sọ́dọ̀ Àkíbù, ó rò pé ojú Salome wà níbì kan lọ́kàn òun, bí aṣọ tó wà nísàlẹ̀ àpótí, pé bí òun bá ti fẹ́ ẹ, òun yóò fà á yọ. Ní báyìí tó ti nawọ́, àpótí ṣófo. Bí àwọn ọmọ bá ń ṣe ìṣirò, a di ojú mọ́lẹ̀ lórí àga rẹ̀. Ẹ̀yìn Salome ló ń rí níwájú ààrò. A pè é lọ́kàn. Salome a fẹ́ yíjú sí i, ibẹ̀ gan-an ni ojú náà á ti dàrú, bí òjìji inú omi tí ẹnìkan fọwọ́ kàn.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi àwọn ẹlòmíràn. Ìyá Salome, tó ń gbé ní ìlú Tápà nítòsí, ní, "Ojú ọmọ mi kẹ̀? Ojú bàbá rẹ̀ ni." Bàbá náà ti kú kí fótò tó dé Tápà. Hàlímọ̀ ní ọrùn rẹ̀ gùn, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì máa ń jin bó bá rẹ́rìn-ín. Ẹnìkejì tó jókòó tì í ní rárá, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹlòmíì nìyẹn. Pásítọ̀ ní obìnrin náà ní ojú ẹni tó bẹ̀rù Ọlọ́run.

"Ẹ dákun, Tíṣà," Àkíbù bi í nígbà tó kó ọ̀rọ̀ wọn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, "báwo ni mo ṣe fẹ́ fi sìmẹ́ǹtì mọ ìyẹn?"

Zachariah bi Ọmọ́ṣọlá náà lọ́jọ́ kan. Ọmọ náà ronú, ó wo ojú bàbá rẹ̀ bóyá yóò rí ìdáhùn níbẹ̀, ó wá bú sẹ́kún. Kò tún bi í mọ́.

Ara ère náà ń lọ dáadáa ní tirẹ̀. Àkíbù fi ọ̀pá irin ṣe egungun rẹ̀, ó fi wáyà hun ún yí ká, ó jọ iyanrìn odò, ó pò ó mọ́ sìmẹ́ǹtì, ó ń fi ọwọ́ mọ ọ́n lé e díẹ̀díẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan, a fi àpò ìdọ̀họ tútù bò ó kó má baà gbẹ kíákíá kó sì sán. Obìnrin tó jókòó sórí àpótí ni, ó káwọ́ lé itan, bí ẹni tó ń retí pé kí ọmọ ti ilé ìwé dé. Nígbà tó kan ìró, Zachariah mọ èyí tí Salome fẹ́ràn jù, aláwọ̀ aró tó ní ewé funfun. Àwo tó ní irú ewé bẹ́ẹ̀ kò tó. Ìròyìn náà lọ láti agbolé dé agbolé, àfọ́kù àwo bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, nínú igbá, nínú agolo, nínú ìṣẹ́po aṣọ. Hàlímọ̀ gbé odidi àwo rẹ̀ jáde, èyí tí ọmọ rẹ̀ rà bọ̀ láti ìdálẹ̀, ó là á mọ́ òkúta lójú wọn.

"Ìyá, kí lẹ ṣe yẹn!" Zachariah kígbe.

"Òun ló fọ̀ ọ́ fún mi nígbà tí mo ṣàìsàn," Hàlímọ̀ ní. "Ẹ gbà, ẹ tò ó mọ́ ọn."

Ṣùgbọ́n orí kò gbà. Èkíní tí Àkíbù mọ, Hàlímọ̀ ní ó jọ ṣọ́jà. Èkejì, ọ̀rọ̀ tí ìyá Salome sọ ló tẹ̀ lé. Ó wá mọ ojú ọkùnrin tó wé gèlè. Òmíràn tún wà tó rẹwà gan-an, gbogbo èèyàn ń yìn ín, àfi Zachariah. Ó dúró níwájú rẹ̀ títí. "Ẹ ṣeun, Bàbá Rùkáyàt," ó ní, "ṣùgbọ́n mi ò mọ obìnrin yìí." Àkíbù kò jiyàn. Ó fọwọ́ tẹ ojú náà wọlé nígbà tó ṣì tutù, ó di ẹrẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nìyẹn nígbà tí Rebecca, àbúrò Salome, ti Tápà wá wo Ọmọ́ṣọlá. Oyún rẹ̀ àkọ́kọ́ ti yọ dáadáa, síbẹ̀ ó ru èlùbọ́ àti ẹ̀gúsí wá fún wọn. Àkíbù wà ní ẹ̀yìnkùlé, ó ń bu omi sára àpò ìdọ̀họ. Bó ti gbójú sókè tó rí Rebecca tó ń sọ ẹrù kalẹ̀, igbá omi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò rí Salome rí láyé. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí ẹnu ti ń wí fún un láti ọjọ́ yìí wá, ọrùn, ẹ̀rẹ̀kẹ́, àti imú tó dára, ó bá gbogbo wọn níbi kan. Zachariah náà rí i. Ojú Rebecca kún ju ti Salome lọ díẹ̀, ṣùgbọ́n bó ti yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ yẹn, Salome gan-an ni.

"Ẹ dákun," Àkíbù bẹ̀ ẹ́, "ẹ bá wa jókòó sórí àga yìí fún ìgbà díẹ̀."

Rebecca béèrè pé kí ló dé. Zachariah ṣàlàyé fún un. Kó tó sọ̀rọ̀ dé ìdajì, Rebecca ti fọwọ́ lé ikùn.

"Wọn kì í gbé ojú alààyè ka orí ibojì, Bàbá Ọmọ́ṣọlá. Ẹ wo bí mo ṣe wà. Ṣé ẹ fẹ́ kí ilẹ̀ máa wò mí ni?"

"Sìmẹ́ǹtì lásán ni, Rebecca."

"Bó bá jẹ́ sìmẹ́ǹtì lásán ni, kí ló dé tí ẹ ń wá ojú ẹ̀gbọ́n mi sí i?"

Rebecca fi ẹnu ko Ọmọ́ṣọlá lórí, ó gbé igbá rẹ̀ tó ṣófo, ó bọ́ sọ́nà.

"Ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀, Bàbá Rùkáyàt," Zachariah ní. "Ẹ kàn ṣe orí rẹ̀ róbótó."

Àkíbù ń fọwọ́ nu ọwọ́. "Mo gbọ́, Tíṣà. Ṣùgbọ́n mo ti rí i ná. Èyí tí ojú bá ti rí, báwo ló ṣe fẹ́ dá a padà?"

Lẹ́yìn ìyẹn, Àkíbù kò wá fún ìgbà díẹ̀. Zachariah rò pé ó ti rí iṣẹ́ míràn gbà. Ọjọ́ kan ló ti ilé ìwé dé tó bá èrò ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Wọ́n yà fún un. Àkíbù dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tó ṣẹ̀.

Salome jókòó sórí àpótí. Ó wé gèlè rẹ̀ bó ṣe máa ń wé e, ó fi etí kan síta. Ó wo ẹnu ọ̀nà tí Zachariah gbà wọlé.

Zachariah jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, pẹ̀lú ṣòkòtò ilé ìwé. Imú rẹ̀ nìyí. Ó fẹ̀ nídìí díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni, ó fẹ̀ nídìí. Ẹnu rẹ̀ nìyí, tó máa ń pa dé bó bá fẹ́ sọ ohun tí kò ní í dùn mọ́ni. Omijé tí kò sun láti ìgbà ìsìnkú wá já bọ́, kò fi ọwọ́ bò ó. Ó mọ ojú ẹni tó jẹ́. Ó mọ ohun tí Rebecca sọ, ó mọ ohun tí òun náà sọ fún Àkíbù. Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀fun rẹ̀: ẹ jẹ́ ká wó o. Ó gbé e mì.

"Mo gbìyànjú láti yí i padà," Àkíbù sọ jẹ́jẹ́. "Mo fẹ̀ ẹ́ níbí, mo dín in lọ́hùn-ún. Ọwọ́ ni ò gbà, Tíṣà. Bí mo bá ti fọwọ́ kàn án, ibi tó ń lọ nìyẹn."

Ọmọ́ṣọlá gba àárín àwọn èèyàn kọjá. "Màámi," ó ní. Ó fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ère náà. "Ó tutù."

Fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, inú Zachariah dùn bí ẹni tí wọ́n dá ẹrù rẹ̀ tó sọnù padà fún. Bó bá ti ilé ìwé dé, ibẹ̀ ló ń kọ́kọ́ yà sí. Bó bá di ojú mọ́lẹ̀ ní kíláàsì, Salome a yíjú sí i, ojú náà a sì dúró. Èèyàn ń wá láti Ìberekódó, wọ́n ń wá láti Pàkò. Hàlímọ̀ ń fi ewé tó wá láti ara àwo rẹ̀ han olúkúlùkù, ó ń pè é ní "èyí tèmi." Àwọn bíríkìlà tó ti ń fi Àkíbù ṣẹlẹ́yà wá láti Tápà àti Ayétẹ̀, wọ́n ń fọwọ́ pa ìró náà wò. Àkíbù jókòó tì wọ́n, ó ń kọ́ wọn bí wọn yóò ṣe rẹ àwo sómi, bí wọn yóò ṣe tẹ̀ ẹ́ kí sìmẹ́ǹtì tó sùn, kó tó le.

Ìròyìn kì í sá fún ẹni tó ni ín. Rebecca gbọ́. Ó wá lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ikùn rẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀. Ó dúró níwájú ère náà, ojú kan ń wo ojú kejì. Zachariah dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń ka ilẹ̀ lójú.

"Ẹ ti ṣe é," Rebecca sọ. Ó yí padà, ó bọ́ sọ́nà. Zachariah tẹ̀ lé e dé títì, ó ń pè é, ṣùgbọ́n kò wẹ̀yìn.

Òwúrọ̀ Sátidé kan, lọ́rì kan dúró ní ẹnu ọ̀nà. Japheth, ọkọ Rebecca, ló fò sílẹ̀, ó gba ìyá ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́ mú sọ̀kalẹ̀. Aṣọ ọrùn Japheth ti rún, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Ẹ̀gbọ́n, Rebecca ń rọbí láti ìjẹta. Ó wà ní ọsibítù ní Èrúwà. Ọmọ náà kò bọ̀."

"Kí ni dókítà wí?"

"Wọ́n ní ká máa gbàdúrà." Japheth nawọ́ sí ẹ̀yìnkùlé. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá wa wó nǹkan yẹn."

Tíṣà ni Zachariah. Ó ti kọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ pé ohun kan kì í ṣẹlẹ̀ láìnídìí, pé kí wọ́n máa wá ìdí rẹ̀. Ó fẹ́ sọ pé sìmẹ́ǹtì tó wà ní Igbó-Ọrà kò lè dí ilé ọmọ ní Èrúwà. Ṣùgbọ́n ìyá Salome kúnlẹ̀ fún un, àna rẹ̀, ìyá àgbà, kúnlẹ̀ nínú eruku fún ọkọ ọmọ rẹ̀.

"Bàbá Ọmọ́ṣọlá, mo ti sin ọ̀kan. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n sin èkejì."

"Màmá, ẹ dìde! Ẹ dákun, ẹ dìde!"

Kò dìde. Bí Zachariah bá sọ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀, tí Rebecca wá kú ńkọ́? Ta ni yóò gbọ́ ìṣirò lẹ́nu rẹ̀ nígbà náà? Òun fúnra rẹ̀, ṣé á gbọ́ ọ? Gbogbo ọ̀nà tó wò ló dí.

"Ẹ wó o," ó ní.

Japheth gbé ọmọ odó láti ilé ìdáná, ó fi lu orí ère náà. Ọmọ odó náà ta padà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá Japheth fúnra rẹ̀ lójú. Sìmẹ́ǹtì tí Àkíbù ti fi àpò tútù bò fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, ó ti le ju òkúta lọ. Ẹnìkan sáré lọ pe Àkíbù wá. Wọ́n sọ fún un. Ó wo ère, ó wo ìyá tó wà lórí ìkúnlẹ̀.

"Ọwọ́ tó mọ ọ́n kò lè fọ́ ọ," ó ní. Ṣùgbọ́n ó yọ òòlù àti irin ẹlẹ́nu mímú nínú àpò rẹ̀, ó gbé wọn sílẹ̀, ó kẹ̀yìn sí wọn.

Japheth na ọwọ́ sí òòlù. Zachariah ti mú un. Bó bá fi í fún Japheth, gbogbo rẹ̀ ni yóò fọ́, ìró, ọwọ́ tó ká lé itan, ewé Hàlímọ̀. "Ojú nìkan ni," ó ní. "Ojú nìkan náà ni ẹ̀ ń bẹ̀rù."

Ó ní kí Hàlímọ̀ mú Ọmọ́ṣọlá lọ sí ilé rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló fi irin lé e, ó fi òòlù kàn án. Imú ló kọ́kọ́ lọ. Ó gbìyànjú láti má wò ó, irin yọ̀, ó gbá a lọ́wọ́. Nítorí náà ó di dandan kó máa wò ó. Ìyá Salome ń ṣa àfọ́kù náà sínú ìró rẹ̀ bó ti ń bọ́. Nígbà tó ṣe tán, iyanrìn funfun bo ọwọ́ Zachariah dé ìgúnpá, gèlè náà ṣì wà níbẹ̀, ó wé mọ́ òfo.

Wọn kò tíì kúrò níbẹ̀ nígbà tí ọkùnrin kan gun máṣíìnì wọlé, eruku bò ó. Aládùúgbò Japheth ni. Tápà ló ti kọ́kọ́ lọ wá wọn.

"Ìyàwó yín ti bí o! Obìnrin ni! Ìyá àti ọmọ, àlàáfíà ni wọ́n wà!"

Ìyá Salome fò sókè, àfọ́kù ojú ọmọ rẹ̀ dà sílẹ̀ láti inú ìró rẹ̀. "Ẹ ò rí i? Ẹ ò rí i bó ti yára jẹ́? A fọ́ ọ báyìí ni ọ̀nà là!"

"Ìgbà wo ló bí?" Zachariah béèrè.

"Àkùkọ ò tíì kọ, Tíṣà. Ilẹ̀ mọ́ kí n tó rí máṣíìnì yá."

Japheth gbọ́ ọ. Ó wo Zachariah, ó yára wo ibòmíràn. Ìyá náà kò gbọ́, orin ọpẹ́ ti gba ẹnu rẹ̀. Ṣáájú kí Japheth tó wọ lọ́rì, ṣáájú kí òòlù tó jáde nínú àpò, ọmọ ti délé ayé. Zachariah gbé òòlù náà fún Àkíbù. Ó fọ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mọ́ ara wọn, ṣùgbọ́n funfun náà kò lọ.

"Ẹ kú ewu ọmọ," ó sọ fún wọn.

Láti ọjọ́ náà, bó bá di ojú mọ́lẹ̀, Salome kì í yíjú sí i mọ́. Irin ló ń rí, ẹnu rẹ̀ lórí imú. Ó lọ bá Àkíbù pé kó tún un mọ. Àkíbù gbìyànjú, kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan. Ọwọ́ yẹn kan náà ló mọ ẹkùn sójú ilé kan ní Ayétẹ̀ tí ajá ń gbó o, ó mọ ẹyẹ, ó mọ ẹṣin, ṣùgbọ́n bó bá kan ojú yìí, ńṣe ni ìka rẹ̀ ń rìn kiri bí ẹni tó gbàgbé ohun tó wá mú. Ní gbogbo ìgbà yẹn, ìró aláwo ń tàn ká. Wọ́n tò ó sí ibojì ní Tápà, wọ́n tò ó sí iwájú ilé ní Èrúwà. Kò sẹ́ni tó ń bi wọ́n pé níbo ni wọ́n ti rí i kọ́.

Nígbà tí ọmọ Rebecca gbó tó ẹni tí a lè pọ̀n, Rebecca pọ̀n ọ́n wá. Ó lọ tààrà sí ẹ̀yìnkùlé, ó dúró níwájú ère tí kò lójú.

"Èmi kò rán wọn," ó ní.

Zachariah yíjú sí i.

"Inú kọ́kọ́ bí mi, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wà lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn tí mo rò pé mo ń lọ, òun ni mò ń rò. Mo ní bí mo bá kú, ó kéré tán ojú àwa méjèèjì á ṣì wà níbì kan, ọmọ mi á lè wá wò ó." Ó fi etí ìró nu ojú. "Wọ́n wá ní wọ́n ti fọ́ ọ nítorí mi. Ẹ ránṣẹ́ pe Bàbá Rùkáyàt. Mo fẹ́ jókòó."

Àkíbù dé, ó pò sìmẹ́ǹtì. Rebecca jókòó sórí àga nínú oòrùn, ọmọ lórí itan rẹ̀. Àkíbù wò ó, ó mọ, ó wò ó, ó tẹ̀ ẹ́ wọlé, ó tún mọ. Ọmọ bíbí ti yí ojú náà padà. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti kún, abẹ́ ojú ti wú, nǹkan kan tó wà níbi ẹnu tẹ́lẹ̀ ti kó lọ. Oòrùn ń rẹlẹ̀. Àkíbù fi ọwọ́ méjèèjì sínú omi, kò yọ wọ́n.

"Kò sí níbẹ̀ mọ́," ó ní.

Rebecca gbójú sókè sí Zachariah, kò gbọ̀n, kò mira, bí ẹni pé ó fẹ́ ràn án lọ́wọ́. "Ẹ wò mí dáadáa. Ṣé ẹ ò rí i?"

Zachariah wò ó. Ó fẹ́ parọ́. Ó wo imú, ó wo ẹnu, ó wo ọrùn, ó wá Salome títí ojú rẹ̀ fi kún fún omi.

"Ìwọ ni mo rí, Rebecca," ó ní.

Ọmọ ké, Rebecca sì yọ ọmú fún un. Sìmẹ́ǹtì tó kù nínú garawa ti fẹ́ máa sùn. Zachariah bù ú sínú agolo, ó gbé e lọ sí ilé ìdáná, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ dí ibi tó jin lẹ́nu ọ̀nà, níbi tí Ọmọ́ṣọlá ti máa ń kọsẹ̀.